Nínú Ìdílé Wa, A Kì í Ṣàìsàn

Leeds,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejì, 2008.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú eruku, ẹ sì kú ìmúra ìgbéyàwó Ahmed. Ó ti fi àwòrán Hàjàrá ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ náà rẹwà, ojú rẹ̀ sì jọ ojú ẹni tí kò ní gba ìgbàkugbà lọ́wọ́ àbúrò mi, ọkàn mi balẹ̀. Òtútù ibí ti ń dín kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo ṣì ń wọ̀ sùn.

Bàbá, ẹ máa ń bi mí pé kí gan-an ni mo wá ń kà nílùú òyìnbó láti ọdún mélòó kan wá. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, àwọn ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kiri ara, láti ọkàn dé ọpọlọ, títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ọjọ́ ayé yín ṣiṣẹ́ réluwé, ọ̀rọ̀ náà á tètè yé yín. Bí ẹrù bá ń pọ̀ jù lójoojúmọ́, irin ojú ọ̀nà á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, kò sì ní ké. Ọjọ́ tó bá dá ni àwọn èèyàn ń mọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń ṣe iṣan gan-an nìyẹn. Èmi àti ọ̀gá mi ń wádìí ìdí tí iṣan ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ìdílé kan fi ń tètè bàjẹ́, nígbà tí ti ìdílé kejì ṣì ń dán.

Ọ̀gá mi ní kí kálukú wa kọ́kọ́ béèrè nínú ilé tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló pa Bàbá Àgbà? Kí ló pa Ìyá Àgbà? Kí ló ṣe ẹ̀gbọ́n yín Bàbá Olúsọjí tí ọwọ́ wọn kan fi rọ? Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, tí ẹ ní orí ń fọ́ yín láràárọ̀? Ọ̀rẹ́ mi Rose, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, á yà sọ́dọ̀ yín láti Sabon Tasha kó wá wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Kò ní dùn yín rárá.

Ọmọ yín,
Moyinọlá.


Kabala Costain, Kaduna.
26/2/2008.

Moyinọlá, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ìwé rẹ dé. Mo rí i níbẹ̀ pé o kúnlẹ̀ kí mi. Bí o bá ti kúnlẹ̀, kí ló dé tí o tún ń bi mí ní irú ìbéèrè tí ọlọ́pàá ń bi olè?

Kí ló pa Bàbá Àgbà? Ọlọ́run ni. Kí ló pa Ìyá Àgbà? Ọlọ́run kan náà. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi Olúsọjí kò rọ, ó ń sinmi ni. Ẹni tó ti fi ọwọ́ ọ̀tún ṣiṣẹ́ láti kékeré, ṣé kò yẹ kó sinmi? Kọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ báyìí, kó fi lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà tẹ̀ ẹ́: nínú ìdílé wa, a kì í ṣàìsàn. A kàn máa ń kú ni, ní àlàáfíà.

Àbí òtútù ti jẹ́ kí o gbàgbé bí a ṣe ń fẹ́yàwó nílẹ̀ wa ni? Alhaji Bádéjọ, bàbá Hàjàrá, ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láti Kinkinau tí wọ́n ń gbé. Ó ń rán èèyàn kiri: ṣé wárápá ò sí nílé wọn, ṣé wọn kì í ya wèrè, ṣé wọn kì í ṣubú lójijì? Wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ lèmọ́mù wa. Wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rán ṣòkòtò fún mi, bí ẹni pé ìdí ṣòkòtò ni àìsàn ń fara pa mọ́ sí. Àkókò yìí gan-an ni ìwọ fẹ́ kí nọ́ọ̀sì wọlé wá lọ́sàn-án gangan, kó di nǹkan mọ́ mi lápá, kí gbogbo ayálégbé sì yọjú lójú fèrèsé? Haba, Moyin! Ọdún mélòó ni Ahmed fi wá ìyàwó kó tó rí èyí?

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ẹ wọn mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bó bá wù yín. Kó tó di ìgbà náà, ara mi le. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló ń fọ́ mi lórí. Má sì pè mí lórí fóònù nítorí ọ̀rọ̀ yìí o. Etí mi ti ń di díẹ̀, mo máa ń kígbe, gbogbo Kabala ni yóò gbọ́. Ìwé ni kí o máa kọ.

Ra ẹ̀wù kóòtù kan fún mi tí n óò wọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn àna, kì í ṣe irú èyí tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí tí apá rẹ̀ kò dé ọrùn ọwọ́.

Èmi ni bàbá rẹ tí ara rẹ̀ le,
Abdulganiyu.


Leeds,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹta, 2008.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ooru. Mo ka ìwé yín, mo rẹ́rìn-ín títí ọmọ ará China tí a jọ ń gbé fi kan ilẹ̀kùn pé kí ló ṣe mí. Ẹ̀rín náà tán nígbà tí mo tún ìwé náà wò. Bàbá, ìlà ọ̀rọ̀ yín ń dà sísàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fi ẹgba kọ́ wa pé kí a kọ ìwé kó tọ́! Ṣé ọwọ́ ọ̀tún yín máa ń wúwo ni? Ṣé bírò máa ń bọ́ lọ́wọ́ yín? Ẹ má fi jẹnẹrétọ̀ dá mi lóhùn o.

Ní ti ìbéèrè ìdílé, mi ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́. Mo ti kọ̀wé sí àbúrò yín, Àǹtí Rashidat, ní Tudun Wada. Mo ní obìnrin kan ń bọ̀ wá bá wọn láti béèrè nípa àwọn àìsàn ilé wa. Rose ni mo ní lọ́kàn. Mo ní kí wọ́n gbé àga fún un, kí wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pa mọ́. Ẹ mọ̀ pé Àǹtí mọ ọ̀rọ̀ sọ jù yín lọ.

Ẹ̀wù kóòtù ti wà lọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Rose wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Bó bá jẹ́ òru lẹ fẹ́ kó wá, á wá lóru.

Ọmọ yín tí kò fọkàn balẹ̀,
Moyinọlá.


Kabala Costain, Kaduna.
20/4/2008.

Moyinọlá,

Mi ò kí ọ.

O ti bà mí jẹ́ láti òkèèrè. Kí Rose rẹ tó gbéra ní Sabon Tasha, àbúrò ìyàwó Alhaji Bádéjọ ti kan ilẹ̀kùn Rashidat. Ó ní òun wá béèrè nípa àìsàn ilé wa. Rashidat ní, "Ṣé ìwọ ni wọ́n ní ó ń bọ̀?" Obìnrin náà ní òun ni. Kí ló kù? Ó gbé àga fún un, ó bu kúnú tútù fún un, ó sì dé fìlà àìsàn fún gbogbo ẹni tó wà láyé àti gbogbo ẹni tó wà lọ́run nínú ìdílé mi.

Bó bá jẹ́ èyí tó wà nìkan ló sọ, ǹ bá fi sùúrù gbé e. Ó ní bàbá mi ya wèrè! Bàbá mi! Ọkùnrin tó jẹ́ pé òun ni gbogbo Ọ̀fà ń mú ìjà lọ bá kó parí rẹ̀!

Láti ọjọ́ náà ni Kinkinau ti dákẹ́. Hàjàrá kì í gbé fóònù mọ́. Ahmed ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ń fi oúnjẹ jẹ níyà, ó sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ya wèrè. Mo lọ kí Alhaji Bádéjọ ní mọ́sáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ní "Sannu," ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Sannu lásán, láìsí ìbéèrè ilé, láìsí ìbéèrè ọmọ!

Àti pé, orí ń fọ́ mi gan-an báyìí, ìwọ lo sì fà á, kì í ṣe iṣan kankan. Bí nọ́ọ̀sì yẹn bá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi lásìkò yìí, ẹ̀rí ló ń gbé wá fún wọn. Má jẹ́ kó wá.

Ẹ̀wù kóòtù dé. Apá rẹ̀ gùn jù.

Abdulganiyu.


Tudun Wada, Kaduna.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹrin, 2008.

Moyin, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìyá mi, olówó mi lọ́la,

Báwo ni o? Ṣé wọ́n ti fún ọ ní ìwé ọ̀mọ̀wé náà? Mo gbìyànjú fún ọ dáadáa. Inú ń bí àwọn èèyàn sí mi níbí, ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní kí n má fi nǹkan kan pa mọ́?

Mo sọ ti ẹ̀gbọ́n wa Olúsọjí, pé rọpárọsẹ̀ ni. Mo sọ ti ìyá wa, pé ìtọ̀ ṣúgà ni. Òótọ́ pọ́ńbélé nìwọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ń mi orí, ó ń sọ pé, "Ẹ̀n-ẹ́n, kí ló tún kù?" Mo wò ó pé bóyá kò tíì tó. Mo ní, ọmọ wa rèé láàárín àwọn òyìnbó, kí ìwé tirẹ̀ má lọ tínrín ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo bá fi wárápá kan sí i. Kò sí ẹni tí mo kó o lé lórí, mo kàn ní ó wà nílé. Mo fi sòbìyà sí i. Ìgbà tí mo dé orí wèrè, bàbá wa ni mo kó o fún nítorí òun ti kú, mo mọ̀ pé kò lè bínú. Ọjọ́ kejì ni Rose tìrẹ wá dé. Mo ní wọ́n ti wá, mo lé e lọ. Ọmọ yẹn ní ìwà, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Bàbá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyẹn ò dùn mí tó ohun tí mo fojú ara mi rí. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ọwọ́ òsì ló fi ń ka tẹ̀súbáà. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ife tíì, ife bọ́ sílẹ̀, ó fọ́ yángá. Ó ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ó ní ọṣẹ ló wà lára ife. Moyin, ẹ̀rù bà mí. Bí ti ẹ̀gbọ́n wa Olúsọjí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí n má sọ fún ọ, mo sì ti sọ fún ọ.

Àǹtí rẹ,
Rashidat.


Leeds,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Karùn-ún, 2008.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, mi ò sì tíì dìde. Èmi ni mo ṣẹ̀. Ẹ má bínú sí Àǹtí, iṣẹ́ tí mo rán wọn ni wọ́n jẹ́, tí wọ́n sì tún fi ẹ̀bùn sí i.

Wọ́n ti sọ fún mi nípa ife tíì.

Bàbá, ẹ gbọ́ mi. Ọwọ́ tó kú lójijì tó tún sọjí, àrùn iṣan inú ọpọlọ ló ń kanlẹ̀kùn. Ó lè má kàn án lẹ́ẹ̀kejì kó tó wọlé. Ẹ ní bí wọ́n bá wọn ẹ̀jẹ̀ yín, ìgbéyàwó Ahmed á bàjẹ́. Bó bá bàjẹ́, kó bàjẹ́! Hàjàrá nìkan kọ́ ni obìnrin tó wà ní Kaduna, ṣùgbọ́n bàbá kan ṣoṣo ni mo ní. Láti ìgbà tí Màámi ti kú, kò sí ẹlòmíràn tí mo tún ń kọ̀wé sí pé mo kúnlẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń fi ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi wo iṣan àwọn òkú tí wọn kò ráhùn rí nígbà ayé wọn. Gbogbo wọn pátá ló wà ní àlàáfíà.

Ẹ lọ sí ọsibítù. Ẹ fún wọn ní orúkọ mìíràn bẹ́ ẹ bá fẹ́, kí ẹ ṣáà lọ.

Moyinọlá.


Leeds,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹfà, 2008.

Bàbá mi,

Mi ò rí èsì. Mo rú òfin yín, mo pe fóònù yín, kò wọlé. Mo pe ti Àǹtí, ó ń dún, wọn ò gbé e. Mo pe Ahmed. Mo ní, "Bàbá ńkọ́?" Ó ní, "Àlàáfíà ni wọ́n wà."

Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kọ ohun tó máa ń tẹ̀lé àlàáfíà nínú ìdílé wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ bú mi. Ẹ ní kóòtù náà gùn jù. Ohun yòówù kó jẹ́, ẹ ṣáà kọ ọ́.

Moyinọlá.


Kabala Costain, Kaduna.
20/7/2008.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Má pariwo. Ọwọ́ tó ń kọ ìwé yìí kì í ṣe tèmi. Èmi ni mò ń sọ ọ́, ọwọ́ Hàjàrá ló ń kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, Hàjàrá, ìyàwó àbúrò rẹ. A ti so yìgì wọn lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Bàbá rẹ̀ ní kí a má dá a dúró mọ́. Ìnáwó gidi ṣì di ìgbà tí o bá dé nínú oṣù Kejìlá. Èmi ni mo ní kí Ahmed sọ pé àlàáfíà ni. Má bú u. Orí ibùsùn ọsibítù ni mo wà tí mo ti pàṣẹ bẹ́ẹ̀, àṣà kì í tètè kúrò lára èèyàn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Alhaji Bádéjọ fúnra rẹ̀ ló wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, láìrán ẹnikẹ́ni síwájú. Mo ti to irọ́ mi kalẹ̀ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kó tó jókòó tán, ó ní, "Bàbá Ahmed, ọmọbìnrin mẹ́ta ni mo ti fi fọ́kọ. Ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo wádìí, wọ́n ní àwọn ò ṣàìsàn rí. Ọ̀kan ti di opó, èkejì ń gbé ọkọ kiri ọsibítù. Ilé yín ni àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ka àìsàn fún wa láìmí. Ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ìgbà tí mo rò ó títí, mo ní, ilé tó lè sọ báyìí, kí ló kù tí wọ́n máa fi pa mọ́ fún ọmọ mi?"

Moyin, bí mo bá dákẹ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n wèrè tí wọ́n dé lé bàbá mi lórí kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Mo ní, "Alhaji, ẹ jọ̀wọ́, kò sí wèrè nílé wa. Kò sí wárápá. Kò sí sòbìyà. Irọ́ nìwọ̀nyẹn."

Ó tẹjú mọ́ mi. Ó ní, "Èwo wá ni òótọ́?"

Ni mo bá fẹnu ara mi kà á. Mo ní rọpárọsẹ̀ wà, ìtọ̀ ṣúgà wà, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti ń bá wa bọ̀ láti Ọ̀fà. Ó ní, "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?" Mo ní, "Àlàáfíà ni." Mo nawọ́ gbé omi fún un, ife bọ́, omi da sí i lára, gbogbo iwájú bàbáńrígá rẹ̀ tutù rinrin. Ó tọwọ́ bọ àpò, ó yọ sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn kan jáde, ó fi hàn mí. Ẹ̀jẹ̀ ríru! Ó ti ń lò ó láti ọdún tó kọjá, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, mọ́tò mi wà níta. Ọmọ mi ò ní wọlé ọkọ lónìí kó wá ṣọ̀fọ̀ bàbá ọkọ lọ́la."

Ta lo rò pé mo bá ní ọsibítù? Rose rẹ ni. Ó di nǹkan náà mọ́ mi lápá, ó wo ẹ̀rọ, ó wo ojú mi, ó tún wo ẹ̀rọ. Ó ní, "Baba, sannu," bí ẹni tó ń báni kẹ́dùn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé. Dókítà ní iṣan kan ti fẹ́ dí nínú ọpọlọ mi, ó tún là, pé ìkìlọ̀ ni, pé àwọn ẹlòmíràn kì í rí ìkìlọ̀ gbà. Wọ́n dá mi dúró síbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ti ń padà bọ̀ sípò, díẹ̀díẹ̀.

Mò ń lo oògùn mi láràárọ̀. Hàjàrá ló ń dúró tì mí títí n óò fi gbé e mì, tí á tún ní kí n la ẹnu kóun wò ó. Ọbẹ̀ rẹ̀ kò níyọ̀ rárá. Ó ní òun ò ní kọ èyí. Mo ní bàbá ọkọ rẹ̀ ni mo jẹ́, kó kọ ọ́. Ó ti kọ ọ́.

Mo ti gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tó kù yìí, èmi ni mo fẹ́ fọwọ́ ara mi kọ ọ́, bó ti wù kí ìlà rẹ̀ wọ́.

O béèrè ohun tó pa Bàbá Àgbà. Orí ń fọ́ bàbá mi láràárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń wúwo. Àsìkò náà ni àwọn ará ilé ìyá rẹ ń ṣe ìwádìí wa. Bàbá mi ní kí ẹnikẹ́ni má mú òun lọ sí ọsibítù, kí wọ́n má lọ sọ pé àìsàn wà nílé wa, kí n má pàdánù ìyá rẹ. Ó jó níbi ìgbéyàwó mi, Moyin. Ó jó ju gbogbo wa lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tó ṣubú nídìí àlùwàlá, kò sì dìde mọ́. A ní ó kú ní àlàáfíà. Ìgbà tí a bí ọ ni ìyá mi tó sọ òótọ́ fún mi, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Kọ ọ́ síbẹ̀ fún ọ̀gá rẹ.

Bó bá sì tún bi ọ́ léèrè ìdílé wa, sọ fún un pé a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Alhamdulillahi.

Èmi ni bàbá rẹ tí ara rẹ̀ kò le, tó sì wà láyé,
Abdulganiyu.